Awọ Inú Àká: Ìtàn Ọdẹ àti Ìyàwó Ẹranko láti Ẹnu Apàlọ́ dé inú Ìtàn Àròsọ, pẹ̀lú Àkíyèsí láti Kàbà

Ìfáárà

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ìtàn àròsọ Yorùbá gbà pé inú àlọ́ ni àwọn òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ ti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ohun èlò wọn. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tí ó ṣe ní 1974 lórí àwọn ìtàn àròsọ D. O. Fágúnwà, fi àlọ́ sí ara àwọn orísun tí òǹkọ̀wé náà lò, pẹ̀lú Bíbélì àti àwọn ìwé Òyìnbó kan. Ọ̀rọ̀ orísun kò ta kókó mọ́. Èyí tí ó ṣì gba àròjinlẹ̀ ni pé, nígbà tí àlọ́ bá kúrò lẹ́nu apàlọ́ tí ó di ìwé, ta ni ẹ̀bi inú rẹ̀ ń já lé lórí?

Ìtàn kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí mú láti fi dáhùn ìbéèrè náà: ìtàn ọdẹ tí ó fẹ́ obìnrin tí ó jẹ́ ẹranko. Ìtàn ìfẹ́ ni, ìtàn ẹ̀rù sì ni. Òun ni Fágúnwà fi ṣe ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìtàn àròsọ tí ó jáde ní 1938. Ibi tí a ti wo ìtàn náà níhìn-ín ni Kàbà, olú ìlú àwọn Owé ní ilẹ̀ Òkun, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní, ìtàn ìlú náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú kí ọ̀rọ̀ obìnrin tí a mú wá láti ibòmíràn, tí a kò gbọdọ̀ sọ ibi tí ó ti wá, ju ọ̀rọ̀ àlọ́ lásán lọ. Èkejì, abẹ́ ìjọba Àríwá ni Kàbà wà nígbà tí ìwé Yorùbá ń gbilẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Ojú ẹni tí ó wà ní ẹ̀bá odò sì lè rí ohun tí ẹni tí ó wà láàárín omi kò rí.

Àlọ́ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pa á

Ìtàn yìí kárí ilẹ̀ Yorùbá. Bí ẹnu ti pọ̀ tó ni ìyàtọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kan náà ni. Ọdẹ kan lúgọ sínú igbó, ó rí ẹranko kan tí ń bọ̀. Àwọn kan ní àgbọ̀nrín ni, àwọn kan ní ìgalà ni, àwọn mìíràn ní ẹfọ̀n ni. Kí ọdẹ tó yìnbọn, ẹranko náà bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó di obìnrin tí ẹwà rẹ̀ kọjá sísọ, ó fi awọ náà pamọ́, ó sì gba ọjà lọ. Ọdẹ jí awọ náà gbé, ó fi í pamọ́ sínú àká nílé rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà ti ọjà dé, kò rí ohun tí yóò fi padà di ara rẹ̀. Ọdẹ yọ sí i, ó ní òun yóò fẹ́ ẹ. Obìnrin náà gbà, ṣùgbọ́n ó gbé májẹ̀mú kan kalẹ̀: ọdẹ kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, láéláé, ohun tí òun jẹ́. Ọdẹ jẹ́jẹ̀ẹ́.

Obìnrin náà dé ilé, ó gbé ilé, ó bímọ. Ìyálé kò sinmi. Ojoojúmọ́ ni ó ń bi ọkọ pé níbo ni ìyàwó yìí ti wá tí kò ní baba, tí kò ní ìyá, tí ẹnikẹ́ni kì í wá kí i. Ó fi oúnjẹ dẹ ọkọ, ó fi ẹmu dẹ ẹ́, títí ọkọ fi tú àṣírí. Ní ọjọ́ kan tí ìjà dé láàárín orogún, ìyálé fi ọ̀rọ̀ awọ inú àká kọrin bú ìyàwó. Ìyàwó gbọ́, ó wọ inú àká lọ, ó rẹ awọ rẹ̀ sómi, ó gbé e wọ̀, ó di ẹranko. Ó gbẹ̀san lára ẹni tí ó tú àṣírí àti ẹni tí ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ní ó dá ọkọ sí. Lẹ́yìn náà ó gba inú igbó lọ, kò sì padà mọ́. Nínú irú ìtàn náà tí wọ́n so mọ́ Ọya, ẹfọ̀n ni obìnrin náà, ó sì fi ìwo méjì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n máa lù ú pọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ òun. Ìdí nìyí tí ìwo ẹfọ̀n fi wà lára ohun tí àwọn olùsìn Ọya ń tọ́jú.

Kókó mẹ́ta ni ó yẹ kí a fà yọ. Àkọ́kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ó wà nínú àlọ́ náà, ọkọ ni ó sì dá méjèèjì: ó jí awọ, ó sì yẹ àdéhùn. Ẹ̀sìnyín tí obìnrin náà gbà, ẹ̀yìn ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀nyí ni ó dé, kò ṣáájú wọn. Èkejì, kò sí ibi tí àlọ́ ti pe obìnrin náà ní àjẹ́. Ẹranko ni, ìyàwó ni, ìyá ọmọ ni. Kò ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi ṣe ibi sí i. Ẹ̀kẹta, àlọ́ àpagbè ni. Orin èébú tí ìyálé kọ, gbogbo àwọn tí wọ́n jókòó gbọ́ àlọ́ ni wọ́n ń gbè é. Ẹnu àwọn olùgbọ́ gan-an ni wọ́n fi tú àṣírí náà ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ọmọdé tí ó gbè orin yẹn, tí ó sì gbọ́ ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ti mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ pé ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn

Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ní irú ìtàn yìí. Ní etíkun Scotland, wọ́n ń sọ ìtàn obìnrin tí ó ti inú òkun wá, tí ọkùnrin kan jí awọ rẹ̀, tí ó bá a gbé títí ó fi rí awọ náà tí ó sì padà sínú omi. Ní Japan, aṣọ ìyẹ́ ni obìnrin láti ọ̀run bọ́ sórí igi. Wọ́n fi ìtàn náà ṣe eré Nō tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hagoromo. Ibi gbogbo ni ọkùnrin ti mọ̀ pé ohun tí òun fi pamọ́ ni ó dá obìnrin náà dúró, kì í ṣe ìfẹ́ òun nìkan.

Ìtàn ìfẹ́ àti ẹ̀rù tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ Faransé yàtọ̀ sí èyí. Nínú ìtàn arẹwà obìnrin àti ẹranko, tí Villeneuve kọ ní 1740, tí Leprince de Beaumont sì gé kúrú ní 1756, ọkọ ni ẹranko, ìyàwó ni ènìyàn. Sùúrù ìyàwó sọ ọkọ di ọmọ aládé. Nígbà tí Angela Carter tún irú àwọn ìtàn bẹ́ẹ̀ sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1979, nínú ìwé rẹ̀ The Bloody Chamber, ó dá ẹ̀rù tí wọ́n ti mú kúrò nítorí ọmọdé padà sínú wọn. Àlọ́ Yorùbá kò nílò irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rù kò fi ìgbà kan kúrò nínú rẹ̀. Níbi tí ìtàn Faransé ti parí sí ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe bí wọn yóò ṣe fẹ́ra. Ó ń béèrè bí ọkọ yóò ṣe pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ́ra tán.

Kàbà àti ọ̀rọ̀ ẹni tí a mú wá

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun àwọn Tápà láti Bídà jà ní ilẹ̀ Òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Owé àti Ọ̀wọ́rọ̀, kò sí èyí tí kò tọ́ ọ wò. Àwọn ìlú mìíràn sá gun orí òkè. Ohun tí àwọn ará Bídà ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun kì í ṣe owó ẹyọ nìkan. Wọ́n ń gba ènìyàn. Kàbà fúnra rẹ̀ di ibùdó ogun Tápà. Ní oṣù January 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ olórí wọn, kọ́kọ́ wọ Kàbà, kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kan náà.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti kó àìmọye ọmọ Òkun lọ. Àwọn kan dé Bídà, àwọn kan dé etí òkun, àwọn kan sì dé Sàró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú omi. Ẹ̀rí èyí wà nínú ìwé tí S. W. Koelle tẹ̀ jáde ní 1854, Polyglotta Africana, èyí tí ó kó ọ̀rọ̀ láti inú èdè púpọ̀ jọ láti ẹnu àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Freetown. Ìyàgbà wà níbẹ̀, Ìjùmú wà níbẹ̀, Ọ̀wọ́rọ̀ náà wà níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, láti ẹnu ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ni ọ̀rọ̀ Òkun ti wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n orúkọ nǹkan àti gbólóhùn kúkúrú ni Koelle ń wá. Kò sí àyè fún àlọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ogun tí ń kó ènìyàn lọ ń fi ènìyàn sílẹ̀ ní ilé onílé pẹ̀lú. Jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún náà, ọ̀pọ̀ obìnrin tí a mú lójú ogun ni ó di ìyàwó nínú agboolé tí wọn kò bí i sí. Kò ní baba tí yóò wá béèrè rẹ̀, kò ní ẹ̀gbọ́n tí yóò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá bímọ, ọmọ ilé ni ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá dúró lójú agbo tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ bú u, ọmọ rẹ̀ ni ó bú pẹ̀lú, ilé ni ó sì ń fọ́. Bí a bá gbé àlọ́ ìyàwó ẹranko ka iwájú irú agboolé bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti máa wò ó bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Obìnrin tí kò ní ará, tí ohun tí yóò fi padà sílé wà lábẹ́ ìkáwọ́ ọkọ, tí ìyálé ń fi ibi tí ó ti wá ṣe orin: ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ogun mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Òfin tí àlọ́ náà ń gbé kalẹ̀ sì ṣe kedere. Ẹ má ṣe tú ìpìlẹ̀ ẹni tí ó wà láàárín yín. Ẹni tí ó bá tú u, òun ni ó jẹ̀bi ohunkóhun tí ó bá tẹ̀lé e.

Ohun mìíràn wà ní ilẹ̀ Òkun tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ awọ náà. Elisha Renne, nínú ìwé tí ó kọ ní 1995 lórí aṣọ híhun àwọn obìnrin Bùnú, fi hàn bí aṣọ ṣe wọ inú ìgbésí ayé wọn tó, láti ìgbéyàwó dé ìsìnkú. Aṣọ pupa ni wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìjòyè tí ó bá kú sí. Aṣọ funfun ní tirẹ̀ ni ó so àwọn obìnrin kan mọ́ àwọn ẹ̀mí tí kì í gbé ayé ènìyàn, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ nítorí àlàáfíà ara wọn àti ti ọmọ bíbí. Kàbà àti Bùnú kò jìnnà síra. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n wà lónìí. Àfiwé yìí kò sọ pé aṣọ Bùnú ni awọ inú àlọ́. Ohun tí ó fi hàn ni ìyàtọ̀ kan: níbi tí obìnrin bá ti ń tọ́jú aṣọ tí ó so ó mọ́ ayé mìíràn fúnra rẹ̀, ó lè gbé ilé ọkọ kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó jẹ́. Ewu inú àlọ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ àpótí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Láti ẹnu dé inú ìwé

Ìtàn yìí wà lára àwọn tí M. I. Ogumefu kó jọ sínú Yoruba Legends, ìwé kékeré tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1929. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì kúrú. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí ni ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ní Èkó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti ń ṣe olùkọ́ nígbà náà.

Ìwé náà kò pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹranko. Àkàrà-ògùn, akọni inú rẹ̀, ń ròyìn àwọn òbí rẹ̀. Ọdẹ ni baba rẹ̀. Àjẹ́ paraku ni ìyá rẹ̀, tí ó ti fi àjẹ́ pa àwọn orogún rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ọmọ inú ilé. Ní ọjọ́ kan, baba rẹ̀ yìnbọn lu ìgalà kan. Ó tọ ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà lọ, ẹ̀jẹ̀ náà sì mú un dé ilé ara rẹ̀, níbi tí ó ti bá ìyàwó rẹ̀ ní òkú, apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn, apá kan jẹ́ ti ẹranko.

Kò sí ẹni tí ó mọ àlọ́ tí kò ní mọ ibi tí èyí ti wá. Ọdẹ wà níbẹ̀, ẹranko wà níbẹ̀, orogún wà níbẹ̀, ikú náà wà níbẹ̀. Ohun tí Fágúnwà yí padà ni ètò wọn. Nínú àlọ́, ikú orogún tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ. Nínú ìwé, ó ṣáájú ohun gbogbo. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ ẹ̀san níṣàájú di ìwà tí a dá mọ́ obìnrin náà. Kò sí awọ jíjí mọ́, kò sí àdéhùn, kò sí àṣírí tí ẹnikẹ́ni tú. Ìbọn ọdẹ, tí àlọ́ kò jẹ́ kí ó dún, dún nínú ìwé. Obìnrin tí àlọ́ jẹ́ kí ó padà sínú igbó pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀ kú sójú ọ̀nà, kò parí sí ènìyàn, kò parí sí ẹranko. Ẹ̀bi sì kúrò lọ́rùn ọkọ pátápátá.

Kì í ṣe pé Fágúnwà kò mọ ohun tí ó wà nínú ìfẹ́ irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀. Ní 1949, nínú Igbó Olódùmarè, ó padà sẹ́yìn láti sọ ìtàn Olówó-ayé, baba Àkàrà-ògùn, ó sì fi bí òun àti Àjẹ́dìran ṣe di tọkọtaya hàn. Ẹni tí ó bá ka ìwé kejì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ti mọ òpin kí ó tó dé ìbẹ̀rẹ̀: ó ń wo ẹni méjì tí wọ́n ń fẹ́ra, ó sì mọ ìbọn tí yóò dún. Bóyá níbi yìí ni ìtàn ìfẹ́ nínú iṣẹ́ Fágúnwà ti ṣókùnkùn jù lọ. Síbẹ̀, orúkọ tí obìnrin náà ń jẹ́ ti dá a lẹ́jọ́ kí ó tó la ẹnu.

Àwọn tí wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ Fágúnwà mú un dé ibi jíjìnnà. Wọlé Ṣóyínká yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, Langbodo, tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC ní 1977. Bí ìwé náà ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ìdájọ́ inú rẹ̀ ń bá a rìn.

Kò pọn dandan pé kí ìwé máa dá obìnrin lẹ́bi nígbà gbogbo. Amos Tutùọlá fi èyí hàn ní 1952. Nínú The Palm-Wine Drinkard, ó tún àlọ́ mìíràn sọ, èyí tí a lè pè ní ìkejì ti àkọ́kọ́: ọmọbìnrin kan rí ọkùnrin arẹwà lọ́jà, ó tẹ̀lé e wọ igbó, ọkùnrin náà sì ń dá àwọn ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn onínǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku agbárí lásán. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n sábà máa ń fi parí àlọ́ yìí ni ti ọmọbìnrin tí kò gbọ́ ti òbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sọ ìtàn nínú ìwé Tutùọlá wo ọkùnrin náà lọ́jà fúnra rẹ̀, ó rí i pé ẹwà rẹ̀ kọjá àfẹnusọ, ó sì ní òun kò lè dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Ìwé kan náà ni ọwọ́ ń kọ. Ọ̀nà ni ó yàtọ̀.

Kàbà láàárín ìwé méjì

Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan Kàbà? Kàbà jẹ́ ti Àríwá Nàìjíríà nínú ètò ìjọba Òyìnbó, ní ẹkùn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ní 1933, ọ́fíìsì ìjọba Àríwá tí Rupert East ń darí ṣe ìdíje ìtàn kíkọ ní èdè Haúsá. Láti inú ìdíje náà ni Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam àti Shaihu Umar ti Abubakar Tafawa Balewa ti jáde. Ruwan Bagaja pàápàá kún fún ìrìnàjò àti ìyanu. Nítorí náà, láàárín ọdún mẹ́wàá kan ṣoṣo, ìtàn ìyanu wọ inú ìwé ní apá méjèèjì Kàbà: ní òkè, ní èdè Haúsá, ní ìsàlẹ̀, ní èdè Yorùbá.

Ní ilẹ̀ Òkun, ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ti gba Bíbélì Yorùbá, èyí tí ó parí ní 1884 lábẹ́ àbójútó Àjàyí Crowther, ẹni tí àwọn akónilẹ́rú kó láti Òṣogùn ní 1821. Ọ̀nà Yorùbá ni ìwé kíkà gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà ní ti òṣèlú nínú pẹ̀lú. Àwọn kan ní Ìlọrin àti Kàbà béèrè pé kí wọ́n dá àwọn pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, ó sì jábọ̀ ní 1958, ṣùgbọ́n ààlà kò yí padà. Ní 1967, Kàbà bọ́ sínú ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara. Ní ọjọ́ 27 oṣù August 1991, ó bọ́ sínú Kogí. Ní gbogbo àkókò yìí, ìwé Yorùbá jẹ́ ẹ̀rí fún ọmọ Òkun pé inú agbo Yorùbá ni òun wà, ibi yòówù kí ààlà gbà kọjá. Fágúnwà fúnra rẹ̀ wá kú sí ẹ̀bá Bídà, ní ilẹ̀ Tápà, ní oṣù December 1963.

Ẹ̀rí náà ní iye tí wọ́n san lé e. Yorùbá inú ìwé kì í ṣe Owé. Àwọn onímọ̀ èdè ka àwọn ẹ̀ka-èdè Òkun sí ọ̀wọ́ kan lọ́tọ̀, ti àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ tí ó gbọ́ àlọ́ ní Owé lálẹ́, tí ó ka Fágúnwà ní òwúrọ̀, kì í ṣe èdè nìkan ni ó pààrọ̀. Ní alẹ́, ó gbè orin, ó sì ní ìpín nínú ẹ̀bi. Ní òwúrọ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n sì ti dá ẹjọ́ náà kí ó tó ṣí ìwé. Òrọ̀ olùkọ́ nípa ìtumọ̀ àjẹ́ ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá àgbà nípa àdéhùn. Nítorí pé ìwé ní ọlá ju ẹnu lọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìtàn ti òwúrọ̀ ni ó lè di ojúlówó, kí ti alẹ́ di àṣìsọ.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí bá ìtàn àròsọ mu ju bí a ti rò lọ. Àlọ́ ìyàwó ẹranko gbọ́ ẹjọ́ gbogbo wọn: ọkọ, ìyálé, ìyàwó, àti àwọn tí ń gbè orin. Ògbójú Ọdẹ gbọ́ ti ọkọ àti ti ọmọ rẹ̀ nìkan. Èyí kò bu iyì ìwé náà kù. Kò sí ìwé tí ó fi èdè Yorùbá hàn ní ọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rù inú rẹ̀ sì ṣì ń ba ẹni tí ó bá kà á. Ohun tí ó yẹ kí ó yé wa ni pé ìdájọ́ kan ni Fágúnwà dá, kò sì pa ìdájọ́ àtijọ́ rẹ́.

Iṣẹ́ tí ó kù ní Kàbà àti ní ilẹ̀ Òkun yòókù hàn gbangba. Ó yẹ kí wọ́n gba àlọ́ yìí sílẹ̀ ní Owé, ní Bùnú, ní Ìyàgbà, ní Ìjùmú, ní Ọ̀wọ́rọ̀, pẹ̀lú orin rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń kọ ọ́, kí wọ́n sì máa kà á ní kíláàsì pẹ̀lú Fágúnwà. Láti 1854 tí Koelle ti kọ ọ̀rọ̀ Òkun sílẹ̀ ní Freetown, ó ti pẹ́ tó kí ìtàn náà tẹ̀lé ọ̀rọ̀ wọ inú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò lè béèrè lọ́wọ́ ìwé ohun tí kò lè béèrè tẹ́lẹ̀: ta ni ó jí awọ, ta ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́, ta ni ó sì la ẹnu?